Owó Tí Ń Jóná Lábẹ́ Ìkòkò: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Olóúnjẹ Wa ní Barnawa

Nínú gbogbo owó tí ìyá olóúnjẹ ń ná, owó igi àti èédú ni kì í sábà kọ sílẹ̀. Ó mọ iye tí ó ra ìrẹsì, ó mọ iye ata àti epo. Ṣùgbọ́n igi a máa wọlé, a máa jó tán, kò sì sí ẹni tí ó ṣírò rẹ̀ mọ́ ọjà. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ń gbà jò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Barnawa ni a ń bá sọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹ̀yin ni ẹ sún mọ́ àwọn oníbúkà wa jù lọ.

Omi tí ó bá ti hó kò tún ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a tilẹ̀ kó gbogbo igi inú igbó sábẹ́ rẹ̀. Ńṣe ni àfikún iná ń lé omi jáde sínú afẹ́fẹ́, tí ìkòkò sì ń gbẹ. Bí ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá ti hó, kí a fa igi sẹ́yìn kí iná rọlẹ̀, kí a sì fi ọmọrí dé ìkòkò dáadáa; bí omi ṣì ń rọra hó, oúnjẹ yóò jinná bí ó ti yẹ. Ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi mọ́jú kì í pẹ́ lórí iná. Ààrò olókùúta mẹ́ta tún ní àléébù tirẹ̀: ó ṣí sílẹ̀ níhà gbogbo, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a sì gbé ooru lọ kí ó tó kan ìdí ìkòkò. Èéfín rẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ ń fà símú láti òwúrọ̀ di alẹ́, òun àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn.

Ìlú Kaduna níhìn-ín ni DARE wà, àjọ aládàáni tí Yahaya Ahmed jẹ́ aṣíwájú rẹ̀. Àjọ yìí pẹ̀lú atmosfair ti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n jọ mú ààrò Save80 wọ Nàìjíríà. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, nǹkan bí 250 gíráàmù igi wẹ́wẹ́ sì tó láti mú lítà omi 6 hó lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ìdá 80 nínú 100 igi tí a lè fi pamọ́. Ìlérí olùṣe ni ìyẹn. Lójú tiwa, bí búkà bá rí ìdajì rẹ̀, kò burú rárá. Àpótí kan wà tí a ń gbé ìkòkò gbígbóná sí, kí oúnjẹ lè parí jíjinná láìsí iná. Ẹni tí kò ní i lè fi aṣọ tí ó nípọn wé ìkòkò nínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a gbé oúnjẹ náà kúrò nígbà tí ó ṣì gbóná gidigidi, torí pé inú oúnjẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kòkòrò àrùn ti ń bí sí i.

Ẹran àti ẹja nílò firísà lóòótọ́. Ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ kò fi dandan nílò jẹnẹrétọ̀. Ẹ rántí àmù: omi tí ń yọ lára amọ̀ tí ó sì ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ, tí omi inú rẹ̀ fi ń tutù. Ọgbọ́n yìí ni olùkọ́ kan, Mohammed Bah Abba, lò ní Jigawa: ìkòkò amọ̀ kan nínú òmíràn, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Ẹ̀fọ́ tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan lo ọjọ́ 12 nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex fún un ní ọdún 2000. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ṣiṣẹ́ jù. Nígbà òjò, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù.

Iye owó ààrò tuntun ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ẹgbẹ́ tí ó lè ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún lè dá èsúsú ààrò, kí ó máa kan olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kí olóúnjẹ kọ iye igi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ kí ó tó gba ààrò, kí ó tún kọ ti ọ̀sẹ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ka iye méjèèjì sétí ìpàdé. Àwọn tí ń fi igi dáná ni kí ẹ kọ́kọ́ fún. Àwọn tí ń lo gáàsì lè dúró díẹ̀.