Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹ̀kọ́ Ìmòòkùn

Ẹ̀bá Òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo dàgbà sí. Àpáta ni mo mọ̀, n kò mọ òkun. Ìtàn Harrison Okene ló mú kí n fẹ́ kọ́ bí a ti ń mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Alásè ni nínú ọkọ̀ Jascon-4, tó rì lójú òkun Niger Delta ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013. Ó lo nǹkan bí 60 wákàtí nísàlẹ̀ omi kí àwọn òmùwẹ̀ tó yọ ọ́. Nígbà tó yá, òun náà kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀.

Iṣẹ́ òòjọ́ ni tirẹ̀, ìgbafẹ́ ni tèmi. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò jọra. Ti olùbẹ̀rẹ̀ ni Open Water Diver. Lọ́dọ̀ àjọ PADI, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà, yóò léfòó fún ìṣẹ́jú 10, yóò sì mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrin nínú omi gbalasa. Káàdì rẹ̀ kò kọjá jíjìn 18 mítà.

Olùkọ́ kan ṣèlérí káàdì fún mi láàárín ọjọ́ kan. Kò tilẹ̀ bi mí bóyá mo lè lúwẹ̀ẹ́. Mo dá owó mi padà sápò. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń fẹ̀ sí i bí a ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá sé èémí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya. Ẹ yan olùkọ́ tó bèèrè ìlera yín kó tó bèèrè owó.

Àgbà òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, áńbọ̀sì ọmọ Ìkẹ́rẹ́! Ìlúwẹ̀ẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń kọ́.