Ohùn Yaa Akyaa Nínú Ìwé Ìtàn Ashanti

Ní ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Ashanti New Town. Létí àdúgbò yìí ni ààfin Manhyia wà, níbi tí Asantehene, ọba gbogbo Ashanti, ń gbé. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ni ó mọ ìlú náà bí ẹní mowó, nítorí pé àwọn ènìyàn wọn ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ìjọba Gánà tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwò kọ́ ni èyí. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, àti ti obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kún inú ìwé náà, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú àkọlé rẹ̀.

Ní ọdún 2003 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford tẹ ìwé kan jáde fún British Academy, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá yí àkọlé rẹ̀ sí Yorùbá, yóò di Ìtàn Àwọn Ọba Ashanti àti Gbogbo Ilẹ̀ Náà Pàápàá. Àwọn ọ̀mọ̀wé márùn-ún ni ó tọ́jú rẹ̀ fún títẹ̀: Adu Boahen, Emmanuel Akyeampong, Nancy Lawler, T. C. McCaskie àti Ivor Wilks. Orúkọ Nana Agyeman Prempeh Kìn-ín-ní, Asantehene, ni wọ́n sì fi sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ìwé. Ìwé náà kì í ṣe ìwé titun rárá. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, ní erékùṣù Seychelles tí ó wà láàárín Òkun Íńdíà, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó fi wà ní ìwé àfọwọ́kọ.

Ẹni tí ó sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtàn náà ni Nana Yaa Akyaa, ìyá tí ó bí Prempeh lọ́mọ. Asantehemaa ni, ìyẹn ni pé òun ni olórí gbogbo obìnrin Ashanti, tí àga tirẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọba.

Kí a tó lè mọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n jókòó tì, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀nà tí àwọn Ashanti ń gbà jọba yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé bàbá ni oyè ń bá lọ. Láàárín àwọn Ashanti, ìdílé ìyá ni. Ọmọ tí ọba bí kò lè jọba nítorí pé ọba ni bàbá rẹ̀. Àbúrò ọba tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tàbí ọmọ tí arábìnrin ọba bí, ni oyè kàn. Nítorí náà, bí àríyànjiyàn bá dé lórí ẹni tí ó tọ́ sí Àga Wúrà, ohun tí wọn yóò béèrè ni pé: ta ni ìyá rẹ̀, ta sì ni ìyá ìyá rẹ̀? Ìmọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ Asantehemaa, nítorí pé òun ni ó ń fa ọmọ oyè kalẹ̀ fún àwọn ìjòyè nígbà tí àga bá ṣófo. Àwọn ará ìran Oyoko tí ó ń jọba ní Kumasi pàápàá, obìnrin ni wọ́n ka orísun wọn sí: Ankyewa Nyame, tí ìtàn wọn sọ pé ó ti ojú ọ̀run fi ẹ̀wọ̀n wúrà sọ̀kalẹ̀.

Yaa Akyaa kò sì gba ìmọ̀ yìí láti ẹnu àwọn àgbà nìkan. Ó ti fi í jagun. Ní ọdún 1883 ni wọ́n yọ Asantehene Mensa Bonsu lóyè. Yaa Akyaa gbé ọmọ rẹ̀ Kwaku Dua dìde, ó sì jọba ní ọdún 1884, ṣùgbọ́n kò lo oṣù méjì lórí àga tí ó fi kú. Ìjà abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Ashanti pín sí méjì, àwọn kan ń ti ọmọ oyè mìíràn lẹ́yìn. Yaa Akyaa kò fà sẹ́yìn títí di ọdún 1888, nígbà tí ọmọ rẹ̀ mìíràn, Prempeh, ọ̀dọ́mọdé tí kò tíì pé ogún ọdún, gun orí àga. Ẹni tí ó bá ka ibi tí ìwé náà ti ń to àwọn ìyá àti ọmọ tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ rántí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti jà fún ipò tirẹ̀ nínú ìlà yẹn. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí kò ní tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Kumasi. Gómìnà Maxwell béèrè áúnsì wúrà 50,000. Ọba àti ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un ní gbangba lójú gbogbo ènìyàn; síbẹ̀ wọ́n mú wọn pẹ̀lú àwọn ìjòyè kan, wọ́n sì kó wọn lọ sí Elmina létí òkun. Láti ibẹ̀ wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, ìyẹn ilẹ̀ Sierra Leone, ní ọdún 1897, wọ́n sì kó wọn lọ sí Seychelles ní ọdún 1900. Ọdún yẹn náà ni Yaa Asantewaa ti Ejisu gbé ogun ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì mú òun pẹ̀lú wá bá wọn ní ìgbèkùn. Ayé gbogbo ni ó mọ Yaa Asantewaa lónìí. Bóyá ogun ni ó rọrùn fún ènìyàn láti rántí ju ìwé lọ.

Ní Seychelles, Prempeh kọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ó sì di ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Àwọn àgbà tí ó bá a dé ibẹ̀ ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí wọn yóò padà sílé. Bí Yaa Akyaa bá kú láìsọ̀rọ̀, ẹjọ́ àga náà di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rò bí ó bá ti wù ú. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìyá sọ, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe èdè Twi tí ìyá náà ń sọ, nítorí náà ohùn tí ó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé jẹ́ ohùn tí ó ti gba inú èdè mìíràn kọjá.

Àwọn kan lè wí pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ kì í ṣe òǹkọ̀wé, pé ẹni tí ó di kálámù mú ni ó kọ ìwé. Kí wọ́n rántí àwọn akọ̀wé tí wọ́n máa ń gbé tábìlì síta ní ayé àtijọ́, ní Kumasi, ní Èkó àti ní Ìbàdàn, láti bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà. Ìyá kan a wá, a sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀, akọ̀wé a sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ajẹ́lẹ̀ tàbí sí ọmọ tí ó wà ní òkèèrè. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ pé akọ̀wé ni ó ni lẹ́tà náà. Kò yẹ kí ìdájọ́ yìí yí padà nígbà tí lẹ́tà bá gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó di ìwé. Èyí kò gba ohun tí ó jẹ́ ti Prempeh lọ́wọ́ rẹ̀: òun ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà, òun ni ó sì tọ́jú rẹ̀. Ìwé náà tó í pín fún ẹni méjì.

Ilẹ̀ Yorùbá kò sàn jù lọ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí ó parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ ní ọdún 1921, ó ṣe ohun tí ó tọ́, ó dárúkọ àwọn tí ó sọ ìtàn fún un: David Kukomi, Josiah Oni, àti Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ní ti Anna Hinderer, ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere tí ó gbé ní Ìbàdàn láti ọdún 1853, ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1872 lẹ́yìn ikú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ìyálóde Ìbàdàn wà nínú ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a bẹ̀ wò.

R. S. Rattray, òyìnbó tí ìjọba Gold Coast yàn láti ṣe ìwádìí àṣà Ashanti, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1923 pé òun bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí òun fi pẹ́ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ láìmọ ipò tí àwọn obìnrin wà nínú ìjọba. Wọ́n dá a lóhùn pé kò sí òyìnbó tí ó béèrè rí. Ọkùnrin nìkan ni òyìnbó ń bá lò, wọ́n sì rò pé òyìnbó kò ka obìnrin sí. Ìdáhùn yẹn tó ìwé kan fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni orúkọ rẹ̀ sọnù bẹ́ẹ̀. Ní Sókótó, Nana Asma'u, ọmọ Ṣéhù Usman dan Fodio, tí ó wà láyé láti ọdún 1793 sí 1864, kọ ewì ní èdè Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá. Ó kó àwọn obìnrin olùkọ́ jọ, àwọn Yan Taru, tí wọ́n ń há ewì náà sórí tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko. Láìsí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan, iṣẹ́ rẹ̀ kò parun, orúkọ rẹ̀ kò sì yà kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó di kálámù mú, tí bàbá rẹ̀ sì ti jẹ́ kí ó kàwé láti kékeré.

Ṣùgbọ́n mímọ ìwé kọ nìkan kò tó. Ní Accra, láti ọdún 1931, Mabel Dove ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Times of West Africa lábẹ́ orúkọ Marjorie Mensah, àwọn òǹkàwé kan sì ń jiyàn bóyá obìnrin ni ó lè kọ irú rẹ̀. Ní ọdún 1954 ó wọ ilé aṣòfin Gold Coast nípa ìbò. Àmọ́ ó di ọdún 2004, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, kí a tó kó àṣàyàn iṣẹ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ní Kumasi fúnra rẹ̀, Nancy Tsiboe, aya John Tsiboe tí ó dá Ashanti Pioneer sílẹ̀ ní ọdún 1939, kọ ọ̀rọ̀ obìnrin sínú ìwé ìròyìn náà. Nígbà tí Efua Sutherland bá àwọn mìíràn dá ilé ìtẹ̀wé Afram sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 1973, àti nígbà tí Flora Nwapa dá Tana sílẹ̀ ní Enugu ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, obìnrin ti wá di ẹni tí ń pinnu orúkọ tí yóò wà lórí ìwé.

Yaa Akyaa kú ní Seychelles ní ọdún 1917. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 1924, ọmọ rẹ̀ padà sí Kumasi, wọ́n sì kọ́ ilé fún un ní Manhyia. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé náà lónìí, orúkọ Prempeh ni yóò fi wá a ní ilé ìkàwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tọ́jú rẹ̀ kò fi òtítọ́ pamọ́. Wọ́n sọ ipa tí ìyá náà kó. Inú ìwé ni wọ́n ti sọ ọ́.