Ẹ má sọ SS3 di ọdún ìdánwò nìkan

Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀bá títì ní Òmù-Àrán láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó dá ọmọ SS3 mọ̀ láìbéèrè. Yúnífọ́ọ̀mù ti ṣá, ṣòkòtò ti ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, nítorí bàbá ti ní òun ò lè rán òmíràn nítorí oṣù díẹ̀ tó kù. Tí aago bá lù, àwọn ọmọ JS1 ló ń sáré. Sínéọ̀ kì í sáré ní tiẹ̀, ó rọra ń rìn bọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìrìn yẹn tàn yín jẹ. JAMB ń bọ̀, WAEC ń bọ̀, NECO ń bọ̀, gbogbo wọn ló sì ń gba owó.

Nígbà tí èmi wà ní SS3, tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìtàn ló ni kíláàsì wa. Ní Sátidé kan, ó ní ká dá owó ọkọ̀, ó kó wa lọ sí Ẹsìẹ́. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jókòó, ọ̀pọ̀ jẹ́ obìnrin, àwọn kan kọlà. A rò pé ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àwọn ère ni. Rárá o. Ó ní, "Ta ló gbé ìròyìn wọn dé etí aráyé?" A ní òyìnbó ni. Ó ní, "Iṣẹ́ wo ni òyìnbó náà ń ṣe?" Gbogbo wa dákẹ́.

H. G. Ramshaw lorúkọ rẹ̀, alábòójútó ilé ìwé ìjọ CMS ni, ọdún 1933 ló kọ ìròyìn nípa wọn. Tíṣà wa ò fẹ́ gbọ́ pé ó "ṣàwárí" wọn. Ó ní àwọn ará Ẹsìẹ́ ti ń bọ wọ́n tipẹ́, ṣe ni wọ́n fi han àlejò. Ọdún 1945 ni wọ́n dá mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Kenneth Murray tí ìjọba fi ṣe olórí ọ̀rọ̀ àwọn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1943 ńkọ́? Tíṣà ni òun náà, iṣẹ́ ọnà ló wá kọ́ àwọn ọmọ wa láti 1927. Kò sí èyí tó jáde nínú WAEC tiwa nínú gbogbo rẹ̀. Mi ò sì gbàgbé ìkankan.

Ta ló ráyè fún irú Sátidé bẹ́ẹ̀ mọ́? Lẹ́sìnnì ni Sátidé báyìí. Mi ò bá àwọn tíṣà jà o, àwọn òbí ló ń béèrè rẹ̀. Tí ọmọ bá yege, wọ́n á ní ọmọ náà lọ́pọlọ. Tó bá fìdí rẹmi, tíṣà ni kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ láti ṣe màgòmágó. Mi ò ní gbè sẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó ọ̀hún? Kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ni ín, àbí?

Àwọn tí kò sì ṣe màgòmágó ńkọ́? Lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìwé ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pẹ́ débi pé tọ́ọ̀ṣì ni àwọn ọmọ fi kọ ìdánwò níbòmíràn. Nígbà tí èsì jáde nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, WAEC ní àṣìṣe wọ ọ́, ó di 62.96. Ẹ wo iye ọmọ tí wọ́n ti nà, tí wọ́n ti pè ní olódo, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn!

Lóṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn agbébọn kọlu ìjọ kan ní Èrúkù, ìjọba Kwara sì ní kí wọ́n ti ilé ìwé láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, títí kan Ìrẹ́pọ̀dùn tí Òmù-Àrán àti Ẹsìẹ́ wà. Ìdánwò ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, wọ́n ti kéde pé orí kọ̀ǹpútà ni WAEC ń lọ láti 2026. Mo yà kí tíṣà obìnrin kan tó ń kọ́ SS3 ní agbègbè wa. Bàólójì ló kà ní yunifásítì, ó tún ń kọ́ wọn ní Kẹ́mísírì, torí ẹni tó ń kọ́ ọ ti gba ìwé ìgbéṣẹ́ lọ síbòmíràn, kò sẹ́ni tó rọ́pò rẹ̀. Mo béèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo kọ̀ǹpútà wa níbẹ̀ yẹn."

Láptọ́ọ̀pù tiẹ̀ ni, èyí tó rà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde, àwọn ọmọ á tò, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi fóònù wo aago. Nígbà tí mo ń dìde, ọmọkùnrin kan tó gùn ju tíṣà lọ ló wà lórí rẹ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo wá ibi tí lẹ́tà H wà. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo pé àsìkò rẹ̀ ti tó.