YÀRÁ OLÓṢÙ MẸ́FÀ: OHUN TÓ YẸ KÍ ÌYÁ ỌMỌ MỌ̀ KÓ TÓ SANWÓ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti iye tí wọ́n ń ra kòkó. Ọ̀rọ̀ yàrá tí àwọn ọmọ wa ń gbà fún oṣù díẹ̀ ní ìlú onílùú ni, nítorí owó tó ń ti ibẹ̀ jáde lápò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti kọjá ohun tí a lè máa wò níran.

Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí. Ọmọ tó bá wà ní FUTA l'Ákúrẹ́, tàbí ní Pólì Ọ̀wọ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tí ilé ìwé á ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́. IT ni àwọn ọmọ ń pè é. Ọdún 1973 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ITF, kí ọmọ má kàn máa ka ìwé lásán, kí ó fọwọ́ kan iṣẹ́. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣe é. Iléeṣẹ́ ńlá kò sì sí l'Ódòde, kò sí l'Átòsin, kò sí l'Áládé níbí. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Ọdún 1973 yẹn náà ni ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀, tiwọn jẹ́ ọdún kan.

Oṣù mẹ́fà lọmọ fẹ́ lò, onílé ní owó ọdún kan lòun ń gbà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ayé òde òní ló kọ́ wa ní yàrá ìgbà díẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà mọ àwọn òṣómàáló dáadáa. Ará Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí oníbàárà kò bá tètè san, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Yàrá ni wọ́n ń gbà ní ìlú onílùú, tó bá di ọdún, wọ́n á palẹ̀ mọ́ lọ sílé. Àwọn Hausa oníṣòwò obì àti màlúù náà ńkọ́? Ní Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1916, àlejò á wọ̀ sílé mai gida, mai gida á fún un níbi tó máa sùn, á sì bá a wá ẹni tó máa ra ọjà rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nígbà náà, àlejò mọ ẹni tó gbà á sílé, ẹni tó gbà á sílé náà mọ ìlú tí àlejò ti wá. Lónìí, orí fóònù ni ọmọ ti ń rí yàrá. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí, owó á sì ti lọ kí ojú tó kan ojú.

YÀRÁ TÍ NǸKAN WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ohun tó pọ̀ báyìí ni fúláàtì tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹ jẹ́ ká ní fúláàtì oníyàrá mẹ́ta: ọmọ kan tàbí ọmọ méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n jọ ń lo pálọ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà ńlẹ̀, fáànù wà lókè, gáàsì wà ní kíṣìnnì. Báàgì aṣọ nìkan lọmọ máa gbé wọlé. Wọ́n lè gba owó lóṣooṣù, tàbí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ṣé ó dára? Ìṣirò ló máa sọ. Owó àpẹẹrẹ nìwọ̀nyí o, iye tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ká sọ pé yàrá òfìfo jẹ́ N400,000 lọ́dún. Éjẹ́ńtì á gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, N40,000. Ẹni tó kọ àgíríméńtì á gba N40,000. Onílé á ní kí wọ́n mú N40,000 wá fún kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró tí òun máa dá padà tí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Ó di N520,000. Ọmọ á ra fóòmù, fáànù, sítóòfù àti ìkòkò, ká fi N130,000 sí i. N650,000 nìyẹn. Oṣù mẹ́fà péré ló sì máa lò. Ẹ pín in sí mẹ́fà, ó lé ní N108,000 lóṣù kan.

Yàrá tí nǹkan wà nínú rẹ̀, ká ní N60,000 ni lóṣù. Oṣù mẹ́fà jẹ́ N360,000, kọ́ṣọ̀n N60,000, gbogbo rẹ̀ N420,000. Lójú, N60,000 wọ́n ju owó oṣù yàrá òfìfo lọ, nítorí N400,000 tí a pín sí méjìlá kò pé N34,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lo oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ fi méjìlá pín in. Àgùnbánirọ̀ tó máa lo ọdún kan, tiẹ̀ yàtọ̀: N60,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ N720,000, kò sì ní rí fóòmù kan gbé lọ. Yàrá òfìfo sàn fún un. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye oṣù.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ẸLẸGBẸ́ WA

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ rán ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ ṣe IT l'Ékòó. Ọmọ rí yàrá nínú fúláàtì, ó lọ wò ó, ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó rí fáànù tó ń yí. Obìnrin kan tó ń gbé inú fúláàtì náà ló gba owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá sì kó owó ọjà ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ, ó fi ránṣẹ́ láti báǹkì. Nínú oṣù kẹta, onílé wọlé wá. Obìnrin náà kì í ṣe onílé, ayálégbé ni. Owó tirẹ̀ ti tán tipẹ́, onílé sì ti fún un níwèé pé kó jáde. Nígbà tí ọmọ fi máa ti ibiṣẹ́ dé, obìnrin náà ti kó lọ, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó yọ fáànù. Onílé ní òun kò mọ ọmọ yìí rí. Pálọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló sùn títí IT fi parí.

Ọmọ náà kò ya aláìgbọràn o. Ó bèèrè iye owó, ó bèèrè omi, ó bèèrè iná. Ohun tí kò bèèrè ni ẹni tó ni ilé. Ìyá rẹ̀ padà sí ìsọ̀ láìsí owó tó máa fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ló gbé ọjà fún un láwìn kó tó lè gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Lọ́dún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ilé gbígbé. Òfin náà ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àti pé onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rísíìtì. Ó ní ẹni tó ń san lóṣooṣù, ìwé oṣù kan ni kí wọ́n fún un kó tó jáde. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Òfin yẹn yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn. Níbikíbi ní Nàìjíríà, onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ju ẹrù ayálégbé síta fúnra rẹ̀, ilé ẹjọ́ ló lè pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni òfin mọ̀ ní ayálégbé? Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn jù. Ẹni tó kàn sùn sọ́dọ̀ ayálégbé, tí onílé kò mọ̀, ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

Àwọn tó lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní ìlú ọba á ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ní England, láti ọdún 2007 ni òfin ti ní kí onílé tó gba irú owó ìdúró bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó háyà ilé rẹ̀ fi í sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Láti ọdún 2019, fún ọ̀pọ̀ ilé, owó náà kò gbọdọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Níbí, ọwọ́ onílé ni kọ́ṣọ̀n wà. Ìwé nìkan ló lè bá wa gbà á.

KÍ Ẹ TÓ SAN KỌ́BỌ̀

Ìkínní, ẹ bèèrè ẹni tó ni ilé. Bí ó bá jẹ́ pé ayálégbé ló ń fún ọmọ ní yàrá, ẹ ní kí onílé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì wo rísíìtì tirẹ̀, ìgbà tí owó rẹ̀ máa tán.

Ìkejì, ẹ rán ẹnì kan lọ wo yàrá lójú ọ̀sán àti lálẹ́. Ìbátan ta ni kò sí l'Ékòó?

Ìkẹta, kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú yàrá sílẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, fáànù kan, àga méjì, gíláàsì fèrèsé tó ti là. Kí ọmọ fi fóònù ya fọ́tò wọn lọ́jọ́ tó wọlé. Èyí ló máa gba kọ́ṣọ̀n yín sílẹ̀.

Ìkẹrin, ẹ bèèrè iná. Ṣé mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí ni, àbí bíìlì? Ṣé gbèsè kò sí lórí rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń pín owó rẹ̀, àti owó omi, gáàsì àti ọlọ́dẹ?

Ìkarùn-ún, àwọn wo ló wà ní yàrá yòókù? Ṣé ọkùnrin àti obìnrin jọ ń lo balùwẹ̀ kan? Kọ́kọ́rọ́ yàrá ọmọ ńkọ́, ta ló tún ní irú rẹ̀?

Ìkẹfà, ẹ má san oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá lè gba oṣù kan tàbí méjì. Ẹ san án sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Éjẹ́ńtì tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó rí yàrá, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀RỌ̀ TIWA NÍLÉ

Ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá tí ẹ ń fún tíṣà àti àgùnbánirọ̀ l'Áládé níbí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Ẹ fún un ní rísíìtì, ẹ dá kọ́ṣọ̀n rẹ̀ padà tí kò bá ba nǹkan jẹ́. Ohun tí a ò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí tiwa l'Ékòó, ẹ má jẹ́ ká ṣe é sí tiwọn.

Ẹ má sì fi owó ọjà san owó ilé. Owó ọjà tó bá wọ inú ilé kì í yí mọ́. Ọmọ kì í sì í ṣàdédé lọ IT, láti ọdún tó wọlé ni a ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àjọ rẹ̀ lọ́tọ̀ nísinsìnyí, díẹ̀díẹ̀, lọ́jọọjọ́ ọjà.

Ẹni tí kò bá lè ka ìwé àdéhùn, kó má tijú. Kó mú un wá sípàdé, a ó kà á fún un lédè Yorùbá. Ṣùgbọ́n kó mú un wá kó tó sanwó o, kó má jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjà á tà, ọmọ á dé ire.