Oúnjẹ Tí Ajá Ò Gbọ́dọ̀ Jẹ, àti Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Bó Bá Ti Jẹ Ẹ́

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí: "Ṣé ó ti wá kan ajá lórí rédíò?" Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ṣọ́ ìsọ̀ yín lóru? Ta ló ń gbó nígbà tí ejò bá wọ àgbàlá? Ajá yìí náà ni, ọwọ́ ara wa la sì fi ń gbé ohun tó ń pa á síwájú rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ ọ̀tá o. Oúnjẹ ni mò ń sọ.

Orí àgbàdo ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló kàn wá jù. Àgbàdo àkọ́kọ́, èyí tí à ń kó ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹjọ, òjò kì í jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Onígbèsè ń béèrè owó, ilé-ìwé fẹ́ wọlé, la bá kó o sínú àpò ní tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ tú àpò, ẹ rí i pé òmíì ti bu, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ eérú ti bò ó, ó sì ń rùn. Kí la máa ń ṣe? A ó ṣà á sọ́tọ̀, a ó ní, "Ẹ fi ro oúnjẹ fún ajá."

Ohun tó bo àgbàdo yẹn máa ń tú májèlé sínú rẹ̀. Àfúlátọ́sììnì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ajá tó jẹ ẹ́ lè má ṣubú lọ́jọ́ náà. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó kọ oúnjẹ, kó máa bì, kí ojú àti ẹrìgì rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, kí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2005, ajá tó lé ní 100 ló kú nítorí oúnjẹ ajá tí wọ́n fi irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ṣe. Inú àpò tó dára ni wọ́n ti rà á ní ṣọ́ọ̀bù o.

Ẹ lè ní, "Ajá nìyẹn, ọmọ mi ò bá a jẹ." Ẹ dúró ná. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 480 ní Benin níbí àti ní Togo, láti ọmọ oṣù 9 dé ọmọ ọdún 5. Nínú ọmọ 100, 99 ló ní àpẹẹrẹ májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ní in jù ni kò ga tó ẹgbẹ́ wọn, tí wọn ò sì wúwo tó. Àwọn tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú ní in ju àwọn tó ṣì ń mu ọmú lọ. Kí ni ọmọ tó já lẹ́nu ọmú ń jẹ? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ògì, ẹ̀kọ, ẹ̀pà. Ní Kenya, lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125. Sísè kò sì mú un kúrò, bí ẹ tilẹ̀ sè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà, èyí tó bá ti bu, kì í ṣe ti ajá, kì í ṣe ti adìẹ, kì í ṣe ti ògì tí ẹ fẹ́ tà. Ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo mọ iye tí àpò àgbàdo kan jẹ́.

Àlùbọ́sà ló kàn. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ èyí tí a sè, ìbáà jẹ́ gbígbẹ. Ááyù náà bẹ́ẹ̀. Ajá tó wọn kílò 10, àlùbọ́sà ńlá kan tàbí méjì tó láti ṣe é léṣe. Ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù sí ìdí ìkòkò, tí àlùbọ́sà kún inú rẹ̀, ẹ má dà á fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ ó rí i pé ó rẹ̀ ẹ́, ẹrìgì rẹ̀ funfun, ìtọ̀ rẹ̀ pupa.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà ní májèlé. Ṣokoléètì àti kóró kòkó, rárá. Sódàbì tí àwọn ọkùnrin fi ń ṣeré pẹ̀lú ajá, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Orí ẹja tí ẹ bu oògùn eku sí, ajá á dé ibẹ̀ ṣáájú eku.

Bó bá wá ti jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹ kó ìyókù kúrò níwájú rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sínú ọ̀rá pamọ́. Ẹ pe dókítà ẹranko kíákíá, ẹ má dúró de ìgbà tó máa gbọ̀n. Ẹ sọ ohun tó jẹ, bó ṣe pọ̀ tó, àti wákàtí tó jẹ ẹ́. Láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni dókítà lè fi oògùn mú un bì. Ẹ̀yin, ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní omi iyọ̀ láti fi bì, torí iyọ̀ púpọ̀ fúnra rẹ̀ ń pa ajá. Èédú ìdáná kọ́ ni èédú tí dókítà ń lò.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin fúnra yín: ẹ má ti ọwọ́ bọ ẹnu ajá tó ń da itọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó lè jẹ́ májèlé, ó sì lè jẹ́ dìgbòlugi, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí àmì kankan tó yọ.

Bí ajá náà bá kú, ẹ sọ fún dókítà ẹranko kí ẹ tó sin ín. Bó bá ní kí ẹ sin ín, kí kòtò náà jìn, kó má sún mọ́ kànga. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹran rẹ̀ lọ sè.