Àkùrákùdà Ẹlẹ́nu Gbàgàdà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "A kì í rí ìdí òkun, a kì í rí ìdí ọ̀sà." Lóòótọ́, àwọn ọ̀mọ̀ràn ti fi ẹ̀rọ wọn jíjìn òkun ní ibi púpọ̀, síbẹ̀ òwe yìí kò tí ì di irọ́. Ẹja kan wà tí ó ń jẹ́rìí sí i.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1976, ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kan ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí nítòsí erékùṣù Oahu, ní Hawaii. Aṣọ ńlá tí ó rí bí agboòrùn ni wọ́n jù sómi láti fi ṣe ìdákọ̀ró. Nígbà tí wọ́n fà á sókè, wọ́n bá àkùrákùdà ńlá kan tí ó há sí i. Gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kílógíráàmù 750. Kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ, Megachasma pelagios, tí wọ́n sì dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un láàárín àwọn àkùrákùdà. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-pamọ́ ti Bishop ní Honolulu ni a tọ́jú rẹ̀ sí.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ẹja yìí lè ta gìrì, nítorí ẹnu rẹ̀ gbòòrò púpọ̀. Ṣùgbọ́n edé wẹ́wẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀, eyín rẹ̀ sì kéré jọjọ. Bí ó bá ya ẹnu, omi àti edé a jọ wọlé. Omi a gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ jáde, edé a sì kù sẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ti í dá èérí ògì dúró tí omi ògì sì ń kọjá lọ.

Báwo ni ẹja tí ó tóbi tó báyìí ṣe fara pamọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, a rí ọ̀kan mú láàyè ní etí òkun California. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn, wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì. Wọ́n rí i pé ní ọ̀sán, a máa wà ní ibú tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 390 lọ. Ní òru, a sì gòkè wá sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 80. Oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé, nítorí edé a máa sá pamọ́ sínú òkùnkùn ibú ní ọ̀sán, a sì gòkè ní alẹ́. Òru ni òun náà ń sún mọ́ òkè, nígbà tí ojú kò lè rí i.

Ní ọdún 1984, àwọ̀n apẹja mú èkejì nítòsí erékùṣù Catalina. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀dá-pamọ́ ti Los Angeles gbà á, wọ́n rẹ ẹ́ sínú ọtí líle kí ó má baà rà, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún tọmọdé tàgbà láti wò. Títí di òní, àwọn tí a ti rí ní gbogbo ayé kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣe àkíyèsí èyí: bí àwọn atukọ̀ ọdún 1976 bá ti da ẹja náà padà sómi nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n, bóyá ni à bá gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí ojú kò rí rí kì í ṣe ohun àsọnù. Ohun tí a ń bi ní ìbéèrè ni.