Ta ló gbé géèmù kúrò nídìí kọ̀ǹpútà?

Bàbá àgbà kan ní Thamesmead, ní London, bá ọmọ ọmọ wọn nínú kíṣìn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù tó há sáàárín páàdì. Kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù ọ̀hún wà lókè nínú yàrá. Ọmọ ṣàlàyé títí. Bàbá ní, "Rẹdifúṣọ̀n náà nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni."

Ọ̀rọ̀ bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wáyà Rẹdifúṣọ̀n tó ń gbé rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé l'Ékòó ní 1935. Ní Plumstead àti Woolwich, níbi tí òkè Shooters Hill ti ń dí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́, Greenwich Cablevision bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ètò àdúgbò wọlé ní 1972. Ṣùgbọ́n asọ̀rọ̀mágbèsì ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń fèsì, èsì náà ò sì gbọdọ̀ pẹ́.

Remote desktop, tó ń jẹ́ kéèyàn jókòó sílé lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ló ṣáájú. Ilé ìwádìí Olivetti ní Cambridge ni VNC, irú rẹ̀ kan, ti jáde, wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1998, ọdún kan náà tí Microsoft gbé tirẹ̀ jáde. Ibi tó bá yí padà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ni VNC ń fi ránṣẹ́. Bí lẹ́tà kan bá falẹ̀ díẹ̀, ta ló bìkítà? Nínú géèmù, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ló ń yí padà, ó lè tó ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹni tó ń fi remote desktop gbá bọ́ọ̀lù tó rí i, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún géèmù ń jẹ́ kí káàdì àwòrán fúnra rẹ̀ fún àwòrán pọ̀ bíi fídíò. Èyí tó bá sọnù lọ́nà, kì í dúró dè é.

Ibi tí ìjà wà ni ẹni tó kọ́kọ́ gbé irú ètò géèmù yìí wọ inú ilé. Àwọn ọmọ kan ní Steam, ilé ìtajà géèmù, ni, ní 2014. Àwọn mìíràn ní Nvidia tó ń ṣe káàdì àwòrán ni, ní 2013, pẹ̀lú Shield, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé rẹ̀. Lóòótọ́ Nvidia ṣáájú Steam, àmọ́ ẹni tí kò bá ra Shield, ojú lásán ló máa fi wò ó. Ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Case Western Reserve ní Amẹ́ríkà bá jókòó níbi ìdíje àwọn apètò kọ̀ǹpútà, wọ́n tú àṣírí rẹ̀, wọ́n ṣe Limelight kí fóònù lásán náà lè gba géèmù. Òun ló wá di Moonlight. Ní 2023, Nvidia pa GameStream, ètò rẹ̀ yìí, tì. Moonlight ò bá a kú. Sunshine, tí àwọn mìíràn ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, gba ipò Nvidia nídìí kọ̀ǹpútà, eré ń lọ.

Ní àwọn fúláàtì Thamesmead tí wọ́n fi kọnkéré kọ́, Wi-Fi tó ń gbé géèmù náà kiri ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ la ògiri já. Àwọn tó gbọ́n ń fa wáyà láti ìdí ráútà gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn lọ sídìí kọ̀ǹpútà.

Inú àwọn ìyá ò dùn sí géèmù orí fóònù yìí. Wọ́n ní tẹ́lẹ̀, ọmọ mẹ́rin á máa du páàdì méjì ní pálọ̀, ilé á kún. Ní báyìí kálukú ti gbé fóònù lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ ní ẹjọ́ àwọn kọ́: fíìmù Yorùbá ló gba tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ lọ́wọ́ wọn.